Ilẹ̀kùn Tí Ìyá Ọpọlọ Fi Sílẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ọdẹ́gbénró ará Ìdókò, ọdẹ ni baba tó bí i, ọdẹ ni baba tó bí baba rẹ̀. Ẹfọ̀n kan lé Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, lóko. Kò kàn án, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àyà obìnrin yìí ti ń já, òógùn ń bò ó, oúnjẹ kò wọ inú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlógún, ó ti rù hangogo. Ọkọ rẹ̀ rí i pé ikú ló kù, ló bá gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wọ Igbó Àìpàṣẹ, níbi tí àwọn iwin tó ń ṣiṣẹ́ inú ara ènìyàn ń gbé.

Iwin kan ń fẹ́ ẹwìrì, òmíràn ń pọn omi, ìkẹta ń lọ oúnjẹ. Ó kí wọn kú iṣẹ́, wọn kò wo ojú rẹ̀. Orí òkè ni Ìyá Ọpọlọ, ọ̀gá wọn, jókòó sí, ara rẹ̀ hunjọ bí awùsá. Ìránṣẹ́ méjì dúró tì í: Dìde àti Rọra.

Ọdẹ́gbénró dọ̀bálẹ̀. “Ìyá mi, ẹ bá mi pàṣẹ fún ọkàn ìyàwó mi kó sinmi.”

“Ṣé o rò pé iṣẹ́ ṣeréṣeré ni? Gba àga mi, kí o tọ́jú ara tìrẹ.”

Ó jókòó. Ó ní kí ọkàn lù, ó lù. Ó ní kó tún lù. Ó yíjú sí ikùn pé kó lọ oúnjẹ àárọ̀, ó pe òógùn jáde nítorí oòrùn. Ibẹ̀ ló ti gbàgbé ọkàn. Ojú rẹ̀ ṣú, ó ṣubú gbì. Ìyá Ọpọlọ tì í kúrò, ó gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọkùnrin náà sunkún.

Ìyá wí pé, “Dìde ló ń mú ọkàn sáré, tó ń ti ikùn pa, kí ènìyàn lè sá fún ẹfọ̀n. Bí ewu bá lọ, Rọra a wọlé, a tú ara sílẹ̀. Rọra kò tíì rí ọ̀nà wọ ara Ìbídùn. Kí lo máa ń sọ fún un bí àyà rẹ̀ bá já?”

“Mo máa ń ní kó sé èémí, ìyá mi. Bí àwa ọdẹ ṣe ń ṣe nìyẹn bí a bá fẹ́ yìnbọn, kí ọwọ́ má baà gbọ̀n.”

“Háà, ọdẹ! Nínú gbogbo iṣẹ́ mi, èémí nìkan ni mo fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ibẹ̀ ni Rọra ń gbà wọlé, ìwọ lo sì ń tì í. Bó bá ti sé èémí, èmi a rò pé ẹfọ̀n ṣì wà nítòsí.”

Ọdẹ́gbénró kò gba oògùn kankan. Ó sáré délé, ó kúnlẹ̀ ti ẹní ìyàwó rẹ̀. “Ìbídùn, dárí jì mí, èmi ni mo ń pa ọ́. Jẹ́ kí èémí jáde, díẹ̀díẹ̀.”

“Ẹ ò ní kí n sé e mọ́?”

“Má sé e mọ́ láé.”

Wọ́n jọ ń mí títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Òógùn gbẹ, àyà rọlẹ̀. Nǹkan kan wá kùn nínú ilé. Ìbídùn fọwọ́ kan ikùn, ẹnu yà á.

“Ọkọ mi, ebi ń pa mí.”

Ọdẹ́gbénró tí kò rokà rí láyé rẹ̀ sáré wọ ilé ìdáná. Kókó ló kún inú ọkà náà, obìnrin náà sì jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Bí ẹni yín bá ń gbọ̀n, ẹ má pàṣẹ fún un. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bá a mí.