Iná Búréèkì Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n
Olóyè Fágbuyì kì í gba àtakò lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí iná búréèkì tàn nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ó ní kí Jẹ́gẹ́dẹ́, dẹ́rẹ́bà rẹ̀, máa wa ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn. "Irọ́ ni iná yẹn ń pa," ni ó wí. Jẹ́gẹ́dẹ́ wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú, ó dá ọkọ̀ dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo ti gbà. Ẹ ṣáà bá mi pe Màmá, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn pé iná búréèkì tàn, ẹ sì ní ká máa lọ, kí wọ́n má baà sọ lọ́la pé èmi ni mo fi ọmọ wọn ṣòfò." Olóyè rẹ́rìn-ín, ó tẹ ìyá rẹ̀ láago. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ohùn arúgbó náà fi gba inú ọkọ̀ kan: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé? Bọ́ sílẹ̀ kíákíá!" Wéré ni Olóyè bọ́ sílẹ̀. Mẹkáníìkì tí wọ́n pè dé, ó tú táyà, ó sì bá búréèkì tó ti jẹ dé irin. Olóyè wo ọ̀gbun ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà títí. "Jẹ́gẹ́dẹ́, o ṣé o. Lọ́jọ́ mìíràn tí o bá ní ká dúró, a ó dúró. Ìwọ náà ṣáà má fi Màmá sí i mọ́."