Rọ́bà Inú Orí Hẹlikọ́pítà

Bàbá Moróunkéjì ra hẹlikọ́pítà àfiṣeré kan tó ń fò ní tòótọ́, ó sì pe àwọn àna rẹ̀ wá wò ó. Kí wọ́n tó dé, ìyàwó rẹ̀ yẹ ẹ̀rọ náà wò.

"Bàbá Moróunkéjì, rọ́bà tó wà nínú orí rẹ̀, nídìí abẹ̀bẹ̀, ti gbẹ. Ẹ fi gírísì sí i."

"Rọ́bà tí kò tó hóró ẹ̀wà? Ta ni yóò rí i?" Ara hẹlikọ́pítà ló fi gbogbo gírísì pa, ó wá ń dán yinrin.

"Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ o."

Hẹlikọ́pítà gbéra, àwọn àna pàtẹ́wọ́. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gé ìrù ara rẹ̀ já, hẹlikọ́pítà sì já lulẹ̀ gbì.

Ìyàwó he ìrù náà, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ó ṣáà ṣì ń dán."