Ìgbín Tí Kò Níka

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi yọ̀ wẹ̀rẹ̀, ó ṣubú lé Ìgbín lórí.

Ẹ̀yin ọmọ, lọ́dún tí ìyàn mú, Kìnnìún ọba ní kí ẹranko kọ̀ọ̀kan wá gba iṣu mẹ́ta láàfin. Òkété akọ̀wé gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀: ẹni tó bá tẹ ìka lé e ló máa gbà.

Ìgbín wọ́ dé.
"Ìka dà, ìyá?"
"Akọ̀wé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò ní."
"Ẹ̀rọ ò mọ̀ yín. Ẹ lọ wá ìka wá."

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ Ọ̀bọ kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ké pé Ọ̀bọ ti gba tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìwo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ dákẹ́ lọ gbári. Ló bá forin bọnu. Ẹ gbè é:

Ẹ̀rọ ò mọ̀ mí o,
Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!
Ebi mọlé mi o,
Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!

Orin yìí ló mú ọba jáde. Ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó yọ̀, ó fìdí balẹ̀ gbì!
"Ta ló da nǹkan yíyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi?"
Òkété dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, Ìgbín ni! Ipa rẹ̀ nìyẹn, láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń gbé. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"
Ọba dìde. "O mọ̀ ọ́n, o tún mọlé rẹ̀. Gbé iṣu mẹ́sàn-án, mẹ́ta fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó wá, kí o tẹ̀ lé e délé."

Òkété gbẹ́rù karí. Ìgbín ló ṣáájú. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò tíì débẹ̀.