Àwọn Òkúta Inú Tíréè Tísà Fẹ̀hìntọlá

Òkè-Ẹfun jẹ́ ìlú tí wọ́n ti ń wa òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ó sì tún jẹ́ ìlú onígbàgbọ́. Ní ilé-ìwé tí ìjọ ibẹ̀ dá sílẹ̀, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Fẹ̀hìntọlá. Òun ni tísà sáyẹ́ǹsì láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà sì ni olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ọjọ́ ìsinmi. Nínú òkúta tí wọ́n ń wà, ó máa ń ṣa àwọn ẹ̀dá ayébáyé tí ara wọn ti di òkúta: ìkarahun, èékánná akàn, eyín ẹja, ewé. Bó bá gbé ọ̀kan sókè, á ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá! Òkun ti wà rí níbi tí a jókòó sí yìí. Ọlọ́run kì í gbàgbé ohun tó dá. Bó bá wù ú, a fi òkúta ṣe ẹ̀rí rẹ̀."

Ní ọdún kan, àwọn aláṣẹ ní àwọn yóò ti kíláàsì sáyẹ́ǹsì náà pa, nítorí pé àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò pọ̀. Tísà bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ó dáa, ìdíje kan ń bọ̀ láàárín àwọn ilé-ìwé, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti wo ẹ̀dá tó ti di òkúta, tí yóò sì sọ ohun tó jẹ́. Bí Òkè-Ẹfun bá gbégbá orókè, kíláàsì yóò dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ká akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ìtùnú lára ju ẹnikẹ́ni lọ. Ilé-ìwé mìíràn tó ní sáyẹ́ǹsì jìnnà, bàbá rẹ̀ sì ti búra pé ọmọ òun kò ní lọ gbé ìlú onílùú. Bí kíláàsì bá kú, ẹ̀kọ́ Ìtùnú kú nìyẹn.

Tísà kò bẹ̀rù. Ó to òkúta rẹ̀ sínú tíréè ńlá kan, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ kátíkísìmù. Yóò na ìka, gbogbo wọn yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí nìyí?"

"Eyín ẹja!"

"Èyí ńkọ́?"

"Ìkarahun!"

Nígbà tó yá, ìka Tísà kì í tíì balẹ̀ tí wọ́n á ti dáhùn. Dáramọ́lá, ẹlẹ́fẹ̀ kíláàsì, ní, "Mà, bí mo bá ń hanrun pàápàá, mo lè kà wọ́n."

"Ife ẹ̀yẹ ti wọlé ní orúkọ Olúwa!" ni Tísà wí.

"Àmín!"

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e bọ́ sí ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Àwọn ìyá bọ́ síwájú, àwọn yòókù sì jókòó níbi tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀. Bàbá Ìjọ, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, bẹ̀rẹ̀ sí í súre káàkiri gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ òpó, ó gbọ́wọ́ lé orí ẹni tó wà níbẹ̀, ó gbóhùn sókè:

"Ìyá Àgbà, Olúwa yóò fún eékún yín lókun! Ẹ ó rí ọmọ ọmọ ọmọ yín kí ẹ tó lọ sinmi!"

"Bàbá, èmi ni o, ìyàwó Kọ́ládé." Ìyàwó tuntun ni, oṣù tó kọjá ni wọ́n gbé e wọlé.

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ forí jì mí. Ìjókòó Ìyá Àgbà ni mo mọ̀, n kò wo ojú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í ṣòfò, ọmọ mi. Gbé e pamọ́, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀."

Ìtùnú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lójijì, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Tíréè ló wá sí i lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kejì, kí Tísà tó na ìka, ó dìde. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n da àwọn òkúta yìí rú."

"Ohun tí mo tò? Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ìjókòó wọn la mọ̀, mà."

Tísà wò ó títí, ó sì taari tíréè sí i. Ìtùnú da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó yí òmíràn dojú délẹ̀. Tísà na ìka sí ọ̀kan. Ẹnìkan ní ewé ni, ẹlòmíràn ní akàn ni. Dáramọ́lá ní, "Mà, èyí kò sí nínú tíréè wa rí." Eyín ẹja tí wọ́n ń fi ariwo pè lójoojúmọ́ ni.

Tísà rọra jókòó. "Orin ni mo kọ́ yín, n kò kọ́ yín ní òkúta. Ṣùgbọ́n Ẹni tó fi èyí hàn wá kí ọjọ́ ìdíje tó pé kò fẹ́ dójú tì wá. Ẹ ṣe gírí!"

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kọ orin mọ́. Kálukú á gbé òkúta, á yí i po, á fi àtàǹpàkò tọ ara rẹ̀, á sọ àmì kó tó pe orúkọ. Ẹni tó bá pe orúkọ kó tó sọ àmì, wọ́n á gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ilé-ìwé méjì péré ló kù nígbà tí adájọ́ gbé òkúta ìkẹyìn jáde. Ohun inú rẹ̀ ti kán, ìdajì rẹ̀ sì rì mọ́nú òkúta. Ọmọkùnrin ilé-ìwé kejì wò ó fìrí. "Ewé ni, sà."

Adájọ́ gbé e fún Ìtùnú. Kò kánjú. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀.

"Etí rẹ̀ rí bí ẹnu ayùn. Ara rẹ̀ ń dán, kò sì ní iṣan bíi ti ewé. Eyín ẹja ni, sà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Ibikíbi tó bá jókòó sí, mo mọ̀ ọ́n."

Bí kíláàsì sáyẹ́ǹsì Òkè-Ẹfun kò ṣe kú nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Tísà gbé ife ẹ̀yẹ síwájú pẹpẹ, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Bàbá Ìjọ fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan! Àṣìṣe èmi náà ń wàásù!"

Gbogbo ìjọ tún bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá wọn jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà sì bá wọn délé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ẹfun fi ń pa á lówe títí dòní pé: Ẹni tó bá fi ìjókòó mọ ènìyàn, bí onítọ̀hún bá dìde, yóò ṣì í pè.