Àwẹ̀ró àti Ẹlẹ́ṣin inú Káàdì

Ní Pópó Àgùdà nílùú Èkó, láyé ìgbà tí àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé sí àdúgbò náà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹja ló ń yan tà létí ọ̀sà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un, Ọdúntàn lorúkọ ọmọ náà. A ti rí ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rí, ṣùgbọ́n ti Àwẹ̀ró tún kúrò ní kèrémí. Bí Ọdúntàn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ á ti gbé omi kaná. Àwọn aládùúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àwẹ̀ró, ọmọ tó ti ń fá irùngbọ̀n lo ṣì fẹ́ máa bá fun imú!" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n fun ún. Ẹ̀yin tí ọmọ yín kún ilé, ẹ máa fun tiyín."

Ọdúntàn bá ọ̀gá káfíńtà kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Ègùn láti lọ kọ́ṣẹ́. Ó ní bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá fi máa bẹ̀rẹ̀, òun á ti padà. Òjò rọ̀, ó dá. Ó tún rọ̀, ó tún dá. Wọn ò rí Ọdúntàn, wọn ò gbúròó rẹ̀. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ẹja a máa jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ààrò, torí ojú rẹ̀ kì í kúrò lójú omi.

Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ilé kejì sí tirẹ̀. Ìyá Balibínà ni wọ́n ń pè é. Aránṣọ ni, ó wà lára àwọn tó wọ ọkọ̀ òkun dé láti Bùràsíìlì. Ó ní àwọn káàdì kan tí wọ́n ya àwòrán sí, tí ó máa ń tẹ́ sórí ẹní láti fi ṣàyẹ̀wò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rú àwọn obìnrin àdúgbò lójú. Ọjọ́ kan ni Àwẹ̀ró wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi ní káàdì yìí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ mi ń bọ̀."

Ìyá Balibínà mi orí. "Àwẹ̀ró, má kọ́ ọ. Ẹni tí ebi ń pa kọ́ là ń pè wá pín ẹran."

Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ò dìde. Ó sunkún títí, àánú rẹ̀ ṣe ìyá àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó fi ife hàn án, ó ní ilé àti ìfẹ́ nìyẹn. Ó fi owó hàn án, ó ní ọjà ni. Kùmọ̀ jẹ́ iṣẹ́ àti làálàá. Idà jẹ́ àìsàn àti ẹkún. Ẹlẹ́ṣin kan sì wà láàárín wọn, tó di ìjánu mú, tó kọjú síwájú. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà ni. Ìyá Balibínà ní káàdì kì í dá sọ̀rọ̀, ẹni tó bá jókòó tì í ló ń bá a parí ọ̀rọ̀. Ó ní kó máa pe gbogbo ohun tó bá jáde lórúkọ kó tó túmọ̀ ẹyọ kan nínú wọn.

Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n, ká má parọ́. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń wá bá òun náà létí ààrò. Á nu ọwọ́ tó kún fún òórùn ẹja, á tẹ́ káàdì, á sọ fún ẹni tó ń bá orogún jà pé kó lọ tọrọ àforíjì, á sọ fún ẹni tó fẹ́ lọ ná ọjà Ẹ̀pẹ́ pé kó ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa ṣe wọ́n láǹfààní. Ẹ̀rín tún padà sí i lẹ́nu.

Ti ara rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n tẹ́. Ní àràárọ̀ á béèrè Ọdúntàn. Bí ẹlẹ́ṣin bá jáde, á pariwo pé, "Ó ń bọ̀!" Bí kò bá jáde, á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á tún dà wọ́n pọ̀, á tún tẹ́ ẹ, títí ẹlẹ́ṣin á fi jáde. Kì í pe àwọn tó kù lórúkọ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin ọlọ́kọ̀ kan tó ń jẹ́ Húnsù, ará Àgbádárìgì, gúnlẹ̀ sétí omi, ó sì béèrè ilé Àwẹ̀ró.

"Ìyá Ọdúntàn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín ló rán mi. Ilé ló ń bọ̀ tí àìsàn fi dá a dúró lọ́dọ̀ wa ní Àgbádárìgì. Ara rẹ̀ gbóná, kò lè dìde. Ó ní kí n gbé yín wá. Ọkọ̀ mi wà níbí, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Àwẹ̀ró ju ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti gbá ìró mú, ó ti gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó wá dúró. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Ó wọlé lọ tẹ́ káàdì. Ẹlẹ́ṣin ló kọ́kọ́ jáde. Idà tẹ̀ lé e. Ife ló kẹ́yìn. Nígbà tó máa jáde síta, ńṣe lojú rẹ̀ ń dán.

"Ọmọ mi ti wà lójú ọ̀nà! Ilé ló kọjú sí. Idà tó wà níbẹ̀, àìsàn tí ẹ wí nìyẹn, ó máa kọjá lára rẹ̀."

Húnsù wò ó, ẹnu yà á. "Ìyá, ojú mi yìí ni mo fi rí i lánàá. Kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu."

"Àná nìyẹn. Bí mo bá bá yín lọ, tí òun náà sì ti gbéra, ṣé ilẹ̀kùn títì ni kó wá bá? Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí mo fi dúró dè é?"

Húnsù bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Àwẹ̀ró kọ̀, ó di ẹja yíyan fún un pé kó bá òun gbé e fún Ọdúntàn jẹ lójú ọ̀nà, kó sì sọ fún un pé òun ti ń tẹ́ ẹní rẹ̀. Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí Ìyá Balibínà ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tó gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Àwẹ̀ró! Èèyàn ẹlẹ́ran ara wá jíṣẹ́ fún ọ, páálí lo lọ bi léèrè?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

"Mo kọ́ ọ, mo jẹ̀bi. Dìde, ká wá ọkọ̀ mìíràn."

"Ẹ má fẹnu yín ba ayọ̀ mi jẹ́ o, Ìyá!" Ó yí ẹ̀yìn sí i. Ó gbálẹ̀ yàrá Ọdúntàn, ó sá ẹní sóòrùn, ó ra ẹyẹlé tó máa fi se ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sétí ọ̀sà. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò bínú, ó kàn ń wò.

Níkẹyìn, ọkọ̀ Húnsù yọ. Àwẹ̀ró sáré wọ inú omi dé orúnkún. Húnsù nìkan ló wà nínú ọkọ̀, òun àti àpò irinṣẹ́ káfíńtà kan.

"Ọ̀nà wo ló gbà tí mi ò rí i?" ni Àwẹ̀ró béèrè.

Húnsù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá, ẹ forí jì mí. Nígbà tí mo dé, ẹ̀yìn mi ló ń wò. Mo ní ẹ ní kó máa bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, 'Ìyá mi ò mọ̀ pé mi ò lè rìn ni.' Látìgbà náà, ẹni yòówù tó bá wọlé, á bi í pé, 'Ṣé ìyá mi ti dé?' Bó ṣe ń béèrè bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn tó fi dákẹ́. A ti sin ín."

Igbe tí Àwẹ̀ró ké lọ́jọ́ náà, gbogbo Pópó Àgùdà ló gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin pé lé e lórí, wọ́n ń dì í mú. Ọ̀kan nínú wọn fi ìbínú kó àwọn káàdì náà, ó fẹ́ dà wọ́n síná. "Ohun burúkú tó tan obìnrin yìí jẹ!" Ìyá Balibínà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró ló na ọwọ́ dí obìnrin náà lọ́nà. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò tàn mí jẹ. Idà wà níbẹ̀, àárín gan-an ló wà, ojú mi là sílẹ̀ sí i. Ọkùnrin yìí náà dúró níwájú mi, ó sọ ọ́ kó yé mi. Ẹlẹ́ṣin ni mo ń wá, ẹlẹ́ṣin ni mo rí. Ọmọ mi sì ń pè mí, mo ń sá ẹní."

Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ìyá tí kò dé bá ọmọ rẹ̀ yìí jáde ni àwọn àgbà gbé lọ, òun sì ni wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ohun tí ojú ń wá lojú ń rí.