Ìdí Tí Ọkọ̀ Tó Ti Dàgbà Fi Ń Wúkọ́ Kó Tó Gbéra

Nígbà láéláé, nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ojú ọ̀nà ìlú wa, kò sí mọ́tò kankan tó ń wúkọ́. Ẹ má bi mí pé ọdún wo ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, ì báà jẹ́ mọ́tò tuntun, ì báà jẹ́ ti àtijọ́, bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, á kàn fò síwájú ni, fìì! Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, kó yáa tètè gbé ara rẹ̀ kúrò.

Ní àkókò yìí, bàbá kan ń gbé ní Òkè-Ẹsọ̀, ní Iléṣà. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Mosúnmọ́lá ni orúkọ ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ bí, nítorí náà Bàbá Mosún ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Ìyá Mosún sì ni ìyàwó rẹ̀.

Bàbá Mosún ní mọ́tò kan. Kì í ṣe mọ́tò akẹ́rù, kì í sì í ṣe mọ́tò akérò. Mọ́tò eré ìje ni. Ó pupa, ó kúrú sílẹ̀, imú rẹ̀ gùn, ènìyàn méjì péré ló sì ń gbà. Ìgbà tí irun Bàbá Mosún ṣì dúdú ló ti rà á. Eré tí mọ́tò náà ń sá pọ̀ débi pé ó sọ ọ́ ní Àṣá.

Ọdún ń gorí ọdún. Mosún dàgbà, ó lọ sílé ọkọ. Irun Bàbá Mosún di funfun. Ọ̀dà ara Àṣá ṣá, awọ àga rẹ̀ sì ya níbi tí wọ́n ti ń jókòó sí jù. Ṣùgbọ́n Bàbá Mosún kò tà á. Láràárọ̀ Sátidé, á gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi jáde, á fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, á fi síńgílẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó nù ún gbẹ. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á rọ ọ́ìlì sí i, á bu omi sí i, á ha àwọn púlọ́ọ̀gì rẹ̀ títí wọn á fi máa dán. Orin ni á máa kọ ní gbogbo àkókò náà, bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó.

Ìyá Mosún á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á káwọ́ gbera.

“Ẹ ti wẹ̀ fún orogún mi tán? Ẹ má gbàgbé àtíkè o!”

“Owú ló ń jẹ ọ́,” ni Bàbá Mosún á dáhùn.

Ká sòótọ́, ẹni tó ń pe mọ́tò ní orogún yìí kì í kọ̀ láti jókòó sínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á so gèlè rẹ̀ le dáadáa nítorí atẹ́gùn, wọn á ká òrùlé mọ́tò sẹ́yìn, wọn á sì gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ. Wọn á ra àgbàdo sísun létí títì. Wọn á máa rẹ́rìn-ín bí ọkọ àti ìyàwó ojú ọ̀nà. Inú Àṣá a máa dùn gan-an, ara rẹ̀ á sì máa gbóná títí di ọjọ́ kejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe dé, Ìyá Mosún ní, “Bàbá Mosún, nǹkan yìí ti ń gbó o. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá àwọn onírin lọ. Bó bá dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín igbó ńkọ́?”

Bàbá Mosún na ìka sókè. “Má ṣèyọnu. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ohùn àìsàn kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó pe àwọn onírin. N kò ní jẹ́ kó jìyà.”

Alángbá wà lára ògiri, ó sì gbọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ Alángbá, ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú rẹ̀. Ó sáré gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rò fún Àṣá pátá.

Ẹ̀rù ba Àṣá. Àwọn onírin ni àwọn tó máa ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò láti ra irin àlòkù. Bí wọ́n bá ti ra nǹkan, òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Láti ìgbà náà, Àṣá kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ pàápàá dún.

Nígbà tó yá, àgbébọ̀ adìẹ kan dé sí agboolé náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń wá ibi tí òjò kò ní pa wọ́n, tí ẹyẹ àṣá inú òfuurufú kò sì ní rí wọn.

“Lọ sábẹ́ Àṣá,” ni Alángbá wí fún un. “Ó móoru níbẹ̀.”

“Abẹ́ kí ni?” Àgbébọ̀ na ìyẹ́ bo àwọn ọmọ rẹ̀. “Ṣé orí rẹ pé ṣá?”

Alángbá rẹ́rìn-ín títí. “Èyí kì í jẹ adìẹ o! Epo bẹntiróòlù ló ń mu.”

Àgbébọ̀ rọra sún mọ́ mọ́tò náà. Ó kúnlẹ̀, bí adìẹ ṣe lè kúnlẹ̀ mọ. “Ẹ káàsán o, Bàbá.”

“Ta ni bàbá?” ni Àṣá fèsì. “Bọ̀ọ̀dá ni kí o máa pè mí.”

“Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa sùn lábẹ́ yín. A ó máa bá yín ṣa àwọn aáyán àti èèrà tó ń jẹ àga yín.”

Àṣá gbà. Àdéhùn náà dùn mọ́ wọn. Nítorí pé ojú kan náà ni mọ́tò ń wà láti ọjọ́ Ajé títí di ìparí ọ̀sẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí á bá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún àwọn òròmọdìẹ nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó ti sọ̀ kalẹ̀ rí, àti àwọn lọ́rì tó ti fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tó kéré jù nínú wọn máa ń fara ti táyà iwájú, ibẹ̀ ni oorun ti máa ń gbé e lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni nǹkan bàjẹ́. Bàbá Mosún fẹ́ tètè jáde. Ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́, Àṣá sì fò síwájú, fìì! Àwọn òròmọdìẹ fọ́n ká. Èyí tó kéré jù yí gbirigbiri lọ sídìí kànga. Àgbébọ̀ alára rọ́nà sá, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ìdí rẹ̀ kù sábẹ́ táyà.

Nígbà tí Àṣá fi máa padà dé, Àgbébọ̀ ti dúró dè é.

“Ẹ wo ìdí mi!” ló ń pariwo. “Ẹ wò ó dáadáa! Ṣé mo ṣì lè fi èyí jáde láàárín ẹgbẹ́?”

“Má bínú,” ni Àṣá wí. “Bí wọ́n ṣe ń gbéra nìyẹn.”

“Bí ta ni ṣe ń gbéra? Nínú agboolé wa, àgbà kì í já lu ènìyàn. Bí àgbà bá fẹ́ yọ síbi tí àwọn ènìyàn wà, á kọ́kọ́ wúkọ́. Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé á fa aṣọ mọ́ra. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ á panu mọ́. Ọmọ tó sùn sójú ọ̀nà, wọn á gbé e kúrò. Kì í ṣe àìsàn, ẹ̀kọ́ ilé ni!”

“Èmi kì í ṣe àgbà!”

“Ẹ ti dàgbà, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò tíì gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àṣá wọra. “Bí mo bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, Bàbá Mosún á ní àìsàn ló ń ṣe mí. Á pe onírin. Ṣé kí n lọ kú nítorí ìyẹ́ ìdí adìẹ ni?”

“Ìyẹ́ ìdí lónìí. Ọmọ mi ni lọ́la.” Àgbébọ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì kó lọ sábẹ́ igi gúáfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

Ìkanra ni Àṣá kọ́kọ́ ń ṣe. Lẹ́yìn náà, àárò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Àwọn aáyán padà dé, wọ́n ń jó lórí àga rẹ̀. Bọ́mọ adìẹ bá ké lábẹ́ gúáfà, á rò pé òun ni wọ́n ń pè.

Ọjọ́ kan dé tí òjò ńlá rọ̀ láti ìdájí. Omi gba abẹ́ gúáfà kan. Kí ni Àgbébọ̀ fẹ́ ṣe? Ó gbé ìbínú tì, ó kó àwọn ọmọ tí ara wọn ti tutù wá sábẹ́ Àṣá. Kò kí i. Ṣùgbọ́n ara tu Àṣá. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi sùn lọ fọnfọn.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ẹnì kan tó wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, níbi tí ilé ọkọ Mosún wà, kan ilẹ̀kùn Bàbá Mosún. “Mosún ti bí o! Ọkùnrin làǹtìlanti!”

Ẹ wo ìdùnnú! Ìyá Mosún jó láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gèlè kò tíì wé tán lórí rẹ̀ tó fi ti wà nínú mọ́tò. “Bàbá Mosún, ẹ ṣe kíá!”

Bàbá Mosún bọ́ sídìí ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

Àṣá gbọ́ èémí kékeré kan lára táyà iwájú rẹ̀. Òròmọdìẹ tó kéré jù ni. Ó ti fara tì í, ó ti sùn. Ìyá rẹ̀ náà ti sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Fèrè wà lára mọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá Mosún nìkan ló lè fọn ọ́n.

Alángbá yọjú lábẹ́ òrùlé ilé. “Má dún o! Rántí àwọn onírin!”

Kọ́kọ́rọ́ yí. Ẹ̀rù òòlù ba Àṣá débi pé gbogbo nọ́ọ̀tì ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fẹ́ràn ilé yìí. Ó fẹ́ràn orin ọjọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọ tó sùn yìí náà. Ó há epo mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, ó fi tagbáratagbára dá ara rẹ̀ dúró, ó sì wúkọ́.

“Húhn! Húhn-húhn! Kọ̀ọ̀!”

Ojú Bàbá Mosún yí padà. Ó tún yí kọ́kọ́rọ́. Àṣá tún wúkọ́, èéfín sì jáde nídìí rẹ̀. Bàbá Mosún sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì pé. Omi pé. Àwọn púlọ́ọ̀gì mọ́ tónítóní.

“Àìsàn ti dé nìyí,” ló wí, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. “Mo sì ti ṣèlérí.”

Àfi bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, onírin kan ń ti ọmọlanke rẹ̀ bọ̀ níwájú ilé. “Irin àlòkù dà o! Irin tó ti bàjẹ́ dà!” Bàbá Mosún gbé ọwọ́ sókè láti pè é. Àṣá kò lè wò ó.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Ìyá Mosún ti bẹ ojú wolẹ̀. Ó rí Àgbébọ̀ tó ń jáde lábẹ́ mọ́tò, tó ń na ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù ló jáde kẹ́yìn, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ìyá Mosún bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá Mosún, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀! Kò ṣàìsàn kankan. Àwọn ọmọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé òun ń bọ̀ ni.”

“Ṣùgbọ́n ó wúkọ́. Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Láràárọ̀, kí ẹ tó yọjú sí ilé ìdáná mi, ṣé ẹ kì í wúkọ́ ni? Ìgbà wo ni mo pe onírin fún yín?”

Bàbá Mosún wo Àṣá, ó wo àwọn òròmọdìẹ. Ẹ̀rín ló gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí òun náà fi ń wúkọ́. Ó juwọ́ sí onírin pé kó máa lọ, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì nu imú Àṣá, ó sì padà sídìí ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú. Ó dúró títí òròmọdìẹ ìkẹyìn fi dé ìdí ògiri.

“Ẹ ṣeun o, Bàbá!” ni Àgbébọ̀ ké.

Àṣá kò bá a jiyàn. Ó tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí àgbà tó mọyì ara rẹ̀, ó sì kọrí sọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà pẹ̀lú eré tó jẹ́ kí gèlè Ìyá Mosún fò lọ.

Níbi tí wọ́n ti lọ kí ọmọ tuntun, àwọn mọ́tò àtijọ́ mìíràn wà níta. Nígbà tí Àṣá fẹ́ padà sílé, wọ́n gbọ́ bó ṣe wúkọ́. Wọ́n rí bí àwọn ọmọdé ṣe dìde lójú ọ̀nà, tí ewúrẹ́ sún sẹ́yìn, tí Bàbá Mosún sì ń fi sùúrù dúró. Ọ̀wọ̀ náà wù wọ́n, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ tó ti dàgbà fi ń wúkọ́ láràárọ̀ kó tó gbéra, tí ẹni tó ni ín sì ń jókòó jẹ́jẹ́ dè é. Ọkọ̀ tuntun kì í wúkọ́, á kàn fò jáde ni, nítorí ojú rẹ̀ kò tíì là. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ tí mọ́tò ògbólógbòó kan ń ṣe húhn-húhn níwájú ilé, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ yà fún un, kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa: ẹnì kan lè ṣì wà níbẹ̀ tó ń sùn.