Ìbákà Ìyá Àrìnkẹ́

Agboolé kan náà ni wọ́n fẹ́ Ẹfúnyẹlá àti Àwẹ̀ró sí ní ìlú Ìdí-Ọsàn. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ Ẹfúnyẹlá, àbúrò ló fẹ́ Àwẹ̀ró, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yàrá wọn. Ẹfúnyẹlá ló kọ́kọ́ wọlé, nítorí náà ìyáálé ni í ṣe fún Àwẹ̀ró. Bí Àwẹ̀ró bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó la ẹnu. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ẹyẹ ìbákà ni àwọn obìnrin agboolé náà ń sìn. Ilé ọ̀pá ògùrọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún un, wọn a gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa kọrin fún wọn bí wọ́n bá ń lọ ata tàbí tí wọ́n bá ń rànwú. Kí ìbákà kọrin kò ṣòro. Kó yé ẹyin sínú ilé tí a há a mọ́, kó sàba lé e, kó pa á, kó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Bí ariwo bá pọ̀, abo á kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá rí èèpo ẹyin adìẹ tí a gún kúnná jẹ, ẹyin tirẹ̀ á rọ̀ bí awọ. Ẹfúnyẹlá mọ gbogbo èyí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o. Àwọn ará àdúgbò mìíràn ń gbé ẹyẹ wá bá a, wọn a ní ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn ju ẹ̀bùn tí wọ́n ń kó wá lọ.

Ti Àwẹ̀ró yàtọ̀. Akọ ìbákà kan péré ló ní, ẹyẹ náà ló sì ń mú un dìde lówùúrọ̀. Ọmọbìnrin kan ló bí láyé, Àrìnkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà máa ń súfèé. Bó bá ń ti odò bọ̀, á súfèé láti ẹ̀yìn ilé, ohùn kan tó máa ń gòkè lẹ́ẹ̀mejì kó tó já wálẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè jáde wá bá a sọ ẹrù. Àwẹ̀ró a máa bá a wí.

"Obìnrin kì í súfèé. Ta ni yóò fẹ́ ọmọ tó ń fọn bí ọlọ́dẹ?"

Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á tún súfèé. Akọ ìbákà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ títí, ó kọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná wá mú Àrìnkẹ́ lọ, ẹyẹ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú. Ó ń súfèé rẹ̀ lọ. Bí ohùn náà bá ti jáde, gòkè, gòkè, kó já wálẹ̀, Àwẹ̀ró á dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró títí yóò fi parí. Àwọn obìnrin yòókù ti dẹ́kun pípè é ní Ìyá Àrìnkẹ́, wọ́n ní kí wọ́n má baà tú egbò. Ẹfúnyẹlá nìkan ni kò dẹ́kun, Àwẹ̀ró sì ń tìtorí ìyẹn gbàdúrà fún un.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ti ń darúgbó. Èékánná rẹ̀ ti ká, ìyẹ́ orí rẹ̀ ti ń re. Ẹni tó bá sì ti sin ìbákà rí mọ̀ pé orin tí ọmọ bá gbọ́ lẹ́nu baba rẹ̀ nígbà tó ń hu ìyẹ́ ni yóò máa kọ títí yóò fi kú. Bí akọ yìí bá lọ láìní ọmọ, ohùn Àrìnkẹ́ bá a lọ nìyẹn. Àwẹ̀ró tọ ìyáálé rẹ̀ lọ.

"Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó bímọ kó tó kú."

Ẹfúnyẹlá wo ẹyẹ náà láti orí dé ìrù. "Èyí? Kò lè fò dé orí ọ̀pá tó ń sùn sí mọ́, òun ló fẹ́ gbéyàwó."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Baba ọkọ wa ńkọ́, ṣé kò bímọ lórí ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni? Dákẹ́, Ìyá Àrìnkẹ́. Màá fún ọ ní abo tí ara rẹ̀ le. A ó jọ pa ẹyin rẹ̀ ni."

Ó sì ṣe bó ti wí. Ó fún un ní abo, ó fún un ní ahá tí ẹyẹ yóò fi ṣe ìtẹ́, ó sì bá a wá ohun tí wọn yóò tẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ̀n òwú wà nílé. Adìẹ kan ń sàba lọ́wọ́ ní ilé ìdáná Ẹfúnyẹlá. Ó kó ìhùùhù tó re sábẹ́ rẹ̀, ó pò ó mọ́ òwú, ó pín in sí méjì. Ó tẹ́ ìdajì fún ẹyẹ tirẹ̀ tó fẹ́ yé, ó kó ìdajì fún Àwẹ̀ró.

Abo méjèèjì yé ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kò gún nǹkan kan mọ́ lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Agboolé kejì ló ń gbé iyán lọ gún, kí ìró odó má baà dẹ́rù ba ẹyẹ. Ó ń rẹ ọkà bàbà sómi títí yóò fi hu, ó ń já ẹ̀fọ́ yánrin wá kí ìrì tó gbẹ lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní bóun náà bá yé ẹyin, bóyá òun á rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Ẹfúnyẹlá ń pààrọ̀ omi ẹyẹ rẹ̀ nígbà tí nǹkan rìn ín lápá. Ó wò ó: kòkòrò pupa tín-ín-tìn-tín, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ó tú òwú inú ahá díẹ̀, wọ́n ń gbá yìn-ìn. Iná adìẹ ni, èyí tí í máa bo adìẹ tó bá ń sàba. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a sá pamọ́ sínú òwú. Bó bá ṣú, wọn a jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ. Ẹyẹ àgbà lè fara dà á fúngbà díẹ̀. Ọmọ tí kò tíì hu ìyẹ́ kò lè fara dà á.

Kò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ó kó ẹyin rẹ̀ sínú ahá mìíràn tó fi òwú tuntun tẹ́, ó sọ ti tẹ́lẹ̀ sínú iná, ó fi omi gbígbóná àti eérú fọ gbogbo ilé ẹyẹ náà. Ìgbà tó ṣe tán ló wá rántí ibi tí ìdajì yòókù wà. Ó dìde, ó gba ọ̀nà yàrá Àwẹ̀ró. Ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà ló gbọ́ tí Àwẹ̀ró ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú ilé.

"Ọwọ́ ìyáálé mi ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ kàn kì í bàjẹ́. Bí ẹyẹ tìrẹ bá fẹ́ yé, àwọn ni kí o lọ bá."

Ẹfúnyẹlá dúró. Kí ni yóò wí? Pé ọwọ́ tí wọ́n ń yìn yìí ló kó iná adìẹ sínú ìtẹ́? Kó tó di alẹ́, gbogbo Ìdí-Ọsàn yóò ti gbọ́. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Ó padà.

Nígbà tí ọ̀la dé, ẹyin ẹyẹ Àwẹ̀ró pa. Wọ́n pe Ẹfúnyẹlá wá wò ó, ayọ̀ kún ilé, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pẹ́ nínú rẹ̀ ló ń wúwo sí i, torí pé ẹni tó bá sọ ọ́ nísinsìnyí gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí kò fi sọ ọ́ lánàá.

Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró fi wá bá a. "Ìyáálé mi, ẹnu àwọn ọmọ yìí kò pọ́n mọ́, ó ń funfun. Ìyá wọn náà kì í jókòó. Á sàba díẹ̀, á fò dìde, á máa họra."

"Òtútù ni," ni Ẹfúnyẹlá wí. Kò gbójú sókè. "Fi òwú díẹ̀ kún un."

"Ṣé kí n tú ìtẹ́ náà wò?"

"Má tú u. Ẹyẹ tí a bá ń tú ìtẹ́ rẹ̀ wò, yóò kọ ọmọ ni. Ó yẹ kí o ti mọ ìyẹn."

Àwẹ̀ró gbọ́ràn. Ó fi òwú kún òwú. Ọmọ kan kú, ó gbé e sin sábẹ́ igi. Òmíràn tún kú. Ó ń wá sọ ọ́ fún ìyáálé rẹ̀ lójoojúmọ́, ìyáálé rẹ̀ ń kí i pé pẹ̀lẹ́. Akọ kò súfèé mọ́, ó wú ara rẹ̀ jọ sí igun kan. Àfìgbà tí Àwẹ̀ró jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó bá a nílẹ̀, tó nà gbalaja. Ọmọ kan péré ló kù láàyè nínú ahá, ìyá rẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ó gbé òkú ẹyẹ náà lé àtẹ́lẹwọ́. Bí ara ẹyẹ ti tutù, àwọn ohun pupa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gun ọwọ́ rẹ̀ bọ̀. Ìgbà náà ló mọ̀. Ó mọ ohun tó ń pa wọ́n, ó sì mọ̀ pé inú òwú tí wọ́n pò mọ́ ìhùùhù adìẹ ló ti wá. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé òwú kan náà wà nínú ìtẹ́ ìyáálé òun. Ó fi ọmọ ẹyẹ tó kù sínú àyà rẹ̀, ó sáré já sí ẹ̀yìnkùlé Ẹfúnyẹlá, níbi tí àwọn obìnrin kan jókòó sí, tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Ìyáálé mi, ẹ dìde, ẹ tètè gbé omi kaná. Iná adìẹ wà nínú òwú tí a jọ pín. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tèmi tán. Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn ọmọ yín kó tó kàn wọ́n."

Ẹfúnyẹlá kò dìde. Àwẹ̀ró kọjá lára rẹ̀ lọ síbi ilé ẹyẹ, ó nawọ́ sí ahá. Ahá tuntun ni. Òwú inú rẹ̀ funfun, kò sí ìhùùhù kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ sanra, ẹnu wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó yíjú sí Ẹfúnyẹlá.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Kò sí ẹni tó ṣẹ́ ẹ̀gúsí mọ́.

"Mú méjì nínú tèmi," ni Ẹfúnyẹlá wí. "Mú mẹ́ta bó bá wù ọ́."

"Ta ni yóò kọ́ wọn lórin? Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, ìyáálé mi?"

Ìtìjú bo Ẹfúnyẹlá, kíá ló sì di ìbínú. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Bí a bá ń fi kànnàkànnà sọ òkò ṣọ́ ọkà lóko, ẹyẹ tó bá kọ́kọ́ rí ọwọ́ wa lókè, ṣé ó máa ń dúró ké sí èkejì rẹ̀ tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ó ń fò lọ ni. Èmi náà fò. Ẹni tí kò fò, àfira ló ṣe."

"Ẹ ṣeun," ni Àwẹ̀ró wí. "Ṣùgbọ́n òkò yìí, ọwọ́ yín ló ti wá."

Ó yípadà, ó lọ sílé. Kò kúnlẹ̀.

Ọmọ ẹyẹ kan náà yè. Àwẹ̀ró fi ooru àyà rẹ̀ tọ́ ọ títí tó fi hu ìyẹ́. Ó gbìyànjú láti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọ lóhùn tó ń gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò súfèé rí láyé rẹ̀, èémí lásán ló ń jáde. Nígbà tí ẹyẹ náà kọrin, ó kọrin bí ìbákà gbogbo.

Àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ló gbé ọ̀rọ̀ Ẹfúnyẹlá kúrò nílé. Èébú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń bú u. Bó bá ń kọjá, wọn a sọ ọ́ sétí ara wọn, kò sì sẹ́ni tó gbé ẹyẹ wá bá a mọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí náà ń sọ ọ́, kì í wá ṣe èébú mọ́, ìkìlọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe fún ọmọ tó bá ń kúrò nílé, pé ojú ara rẹ̀ ni kó máa fi ṣọ́ ara rẹ̀. Láti ẹ̀yìnkùlé yẹn ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀.